Ohùn Tó Pè Mí Lọ́jọ́ Tí Òkun Dákẹ́

Lọ́dọ̀ wa ní Festac, oṣù keje ni omi òjò máa ń gba títì lọ́wọ́ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì àwọn òmòòkùn kan, ní erékùṣù kékeré kan nínú Òkun Íńdíà, tí wọ́n sì sọ fún mi pé oṣù keje sí oṣù kẹjọ ni àlejò máa ń pọ̀ jù. Mo bi ara mi léèrè pé ta ni yóò fowó ara rẹ̀ lọ sinmi létí òkun lásìkò òjò. Mọ́mì náà bi mí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, àwa méjèèjì nìkan la sì kù nínú fúláàtì wa lẹ́yìn tí Dádì kú. Wọ́n ní kí ni àwọn èèyàn náà ń wá nísàlẹ̀ omi. Mo ní ẹja ni, pé wọ́n kàn ń wò ó, wọn kì í pa á. Mọ́mì wò mí títí. Wọ́n ní ṣé ẹja tí èèyàn ò ní jẹ ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ físà àti pápákọ̀ dí yín lọ́wọ́. Ohun tí mo rántí jù nípa ọjọ́ tí mo lọ ni pé Mọ́mì sìn mí dé Mile 2. Wọ́n dúró nínú ariwo àwọn kọ̀ńdọ́ àti fèrè tírélà, wọ́n gbé ẹnu sí mi létí, wọ́n sì fi oríkì mi pè mí. Láti ìgbà tí Dádì ti lọ, kò sí ẹlòmíì tó ń fi oríkì yẹn pè mí láyé yìí. N kò ní kọ ọ́ síbí. Tí ẹ bá kà á síwájú, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ní Festac, èèyàn kì í dá gbọ́ èrò ọkàn ara rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará òkè á máa hó, ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ á máa kọrin, àwọn mẹ́ruwà tí ń ti kẹ̀kẹ́ omi á máa fi irin lu irin kí àwọn tó fẹ́ ra omi lè mọ̀ pé wọ́n ti dé. Ní erékùṣù yẹn, afẹ́fẹ́, òkun àti ewé àgbọn nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run láti kékeré pé kó jẹ́ kí ariwo dín kù, mo wá ń tan rédíò sílẹ̀ kí n tó lè sùn, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀.

Ohun kejì ni àwọn èèyàn ibẹ̀. Àwọ̀ mi jọ tiwọn. Wọ́n á fi èdè wọn kí mi, tí n kò bá dáhùn, wọ́n á rò pé mò ń gbéra ga. Nígbà tí mo bá wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àlejò ni mí, ojú wọn á yí padà, bí ojú ẹni tó fọwọ́ kan ẹnì kan lẹ́yìn, tó rò pé òun mọ̀ ọ́n, tí onítọ̀hún wá yíjú tó jẹ́ pé ẹlòmíì ni. Wọn ò ṣe mí níkà. Wọ́n kàn máa ń yọwọ́ ni. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara. Ilé ni ibi tí wọ́n ti lè pè ọ́ láti yàrá kejì, tí wàá sì dáhùn láì tíì yọjú. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè mí láti yàrá kankan.

Iṣẹ́ mi ni láti gbàlejò àti láti máa dáhùn ímeèlì àwọn tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ojú ọjọ́ ni gbogbo wọn máa ń béèrè. Ìgbà ooru nìyẹn lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n sì gbà pé ooru náà yóò tẹ̀lé àwọn wá. Ṣé òjò ò ní rọ̀? Ṣé omi á mọ́ débi pé èèyàn á rí ìsàlẹ̀? Ṣé afẹ́fẹ́ ò ní le? Olúkúlùkù ti ya àwòrán òkun tirẹ̀ sọ́kàn kó tó wá, ó sì ń kọ̀wé sí mi bí ẹni pé èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ ojú ọ̀run lọ́wọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan máa ń fẹ́ wá láti gúúsù ìlà-oòrùn tí kì í sinmi. Á máa ru òkun sókè, omi á sì dà bí ẹni pé wọ́n po ògì díẹ̀ mọ́ ọn. Màdáàmù tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà, òyìnbó kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, kì í fẹ́ irọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: kí wọ́n mú aṣọ òtútù díẹ̀ dání, kí wọ́n má sì retí òkun tó dà bíi dígí.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń mọ ojú ọjọ́ ibẹ̀ kà. Mo rántí ìdílé kan tí wọ́n ti ń bínú pé ìgbì kò jẹ́ kí àwọn jáde. Mo wo apá ibi tí ewé àgbọn dojú kọ, mo sọ fún wọn pé ẹ̀yìn erékùṣù náà á rọlẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n sì fẹ̀rín padà dé. Láti ọjọ́ náà ni Màdáàmù ti ń dúró nídìí tábìlì mi láràárọ̀ láti bi mí bí ọjọ́ yóò ti rí. Mo tún kọ́ láti ki ojú bọ omi, èmi ọmọ Festac tí wọ́n ti ń lé kúrò nídìí kánáàlì láti kékeré. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ojú sínú òkun, ẹja kan tó ní ilà dúró síwájú mi, ó ń wò mí bí èmi náà ti ń wò ó. Mo gbé orí sókè, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún títí di ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Mọ́mì á ti gbé àga síta sí bákónì, torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ti ń dára. Mo máa ń gbọ́ òjò lórí páànù àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa. Mọ́mì á sọ ẹni tó ṣègbéyàwó ní Alákijà fún mi, wọ́n á sọ bí omi ti wọ ilé ọ̀rẹ́ wọn kan ní Amúwo. Lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè bóyá mo ti rí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń gbàdúrà dáadáa. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ. N kò fẹ́ kí wọ́n gbé fóònù náà sílẹ̀, torí tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ báyìí, erékùṣù náà á padà wá ká mi mọ́.

Lọ́dún kejì ni ímeèlì kan dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Íńgà. Kò béèrè òjò, kò béèrè ẹja. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé ọjọ́ kan lè wà tí afẹ́fẹ́ á dáwọ́ dúró pátápátá, tí òkun á tẹ́ pẹrẹsẹ bí epo inú agbada tí wọn ò tíì gbé kaná? Mo dáhùn pé rárá, pé afẹ́fẹ́ kì í dá lásìkò yẹn. Ó ní òun ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ funfun, ó sì gùn. Àwọn àlejò yòókù á wọ aṣọ rọ́bà wọn láàárọ̀, wọ́n á gbé àgbá atẹ́gùn kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á sì tẹ̀lé Ansẹ́ẹ̀lì tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ. Òun á jókòó sí fáràńdà, á kọjú sí òkun. Tí afẹ́fẹ́ bá le, á wọlé lọ sùn. Mo máa ń gbé tíì lọ fún un, torí ó jọ pé òun náà ò ní ẹni tó ń pè é láti yàrá kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé etí mi ló di. Mo jáde. Àsíá tó wà létí èbúté ti sọ̀ kalẹ̀ mọ́ igi rẹ̀. Ewé àgbọn ò mì. Òkun tẹ́ lọ títí dé ibi tí ojú mi mọ, kò ní ìṣẹ́po kan, débi pé n kò mọ ibi tí omi parí sí tí òfurufú ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹyẹ tó máa ń jà lórí òrùlé ìdáná kò sí níbẹ̀. Inú àwọn àlejò dùn, wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ń kí mi bí ẹni pé èmi ni mo tọ́jú ọjọ́ náà pa mọ́ fún wọn. Màdáàmù ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ansẹ́ẹ̀lì ń súfèé. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀, mo sì ń bá ara mi wí pé ìdákẹ́jẹ́ tó ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ tí mo ti dé náà ni.

Íńgà ti wọ aṣọ tó dáa. Ó ní kí n jókòó. Ó sọ fún mi pé òun àti ọkọ òun ló jọ wá síbí nígbà kan, àti pé irú ọjọ́ báyìí ni ọkọ òun mòòkùn pẹ̀lú àwọn yòókù. Gbogbo àwọn yòókù jáde, ọkọ òun ò jáde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni afẹ́fẹ́ dé, wọ́n wá a títí, wọn ò rí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn ìyẹn, òun padà wá. Òkun tún dákẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun sì gbọ́ tí ọkọ òun pe òun láti inú omi. Kí òun tó lè dáhùn, ẹnì kan tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ohùn náà sì lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń retí ọjọ́ mìíràn tí òkun á dákẹ́.

Ó ní, "Lónìí, màá dá a lóhùn."

Mo sọ fún un bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Ìyá mi kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré, síbẹ̀ wọn ò fi èyí tí ìyá tiwọn kọ́ wọn sílẹ̀: bí ẹnì kan bá pè ọ́ lórúkọ, tí o kò rí i, má dáhùn. Dìde, kí o lọ wò ó. Mo ní kí ó jọ̀wọ́, tó bá gbọ́ nǹkan, kó dákẹ́. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé n kò ní ẹnì kankan nínú omi.

Lọ́sàn-án, ara ọ̀kan lára àwọn tó máa ń tẹ̀lé ọkọ̀ kò yá, Màdáàmù sì ní kí n bá wọn lọ, kí n máa wo Íńgà tó fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀. Mo fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí tí mo lè sọ. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn òmòòkùn bọ́ sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. A ń rí wọn tí wọ́n ń lọ sísàlẹ̀, tí wọ́n ń kéré sí i, bí ìgbà tí èèyàn ń wo àwọn ará ìsàlẹ̀ láti bákónì. Lẹ́yìn náà a ò rí wọn mọ́. Ansẹ́ẹ̀lì pa ẹ́ńjìnnì, ó fi fìlà bo ojú, ó sì sùn lọ níwájú ọkọ̀. Oòrùn dúró gangan lórí wa. Ọkọ̀ náà ò mì rárá.

Ìgbà náà ni Mọ́mì pè mí.

Oríkì mi ni wọ́n pè. Wọ́n fa ìparí rẹ̀ gùn bí wọ́n ṣe máa ń fà á nígbà tí ọbẹ̀ bá ti jinná. Ọ̀dọ̀ ọ̀tún mi ló ti wá, ó rẹlẹ̀, kò jìnnà, bí ẹni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Orí mi wú. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ mú mi. Ayọ̀ ni. Mo ti pa ètè pọ̀ láti dáhùn pé "Mà."

Ohun tó dá mi dúró ni pé Íńgà dìde. Ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ síwájú sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó la ẹnu. N kò ronú. Mo fò mọ́ ọn, mo fi ọwọ́ mi bò ó lẹ́nu, mo sì fi ọwọ́ kejì dì í mú níbàdí. Ó jà. Ó lágbára ju bí mo ti rò lọ. Ó gé ọwọ́ mi jẹ, n kò yọ ọ́. Mo ń gbọ́ bí orúkọ ọkọ rẹ̀ ṣe ń lu àtẹ́lẹwọ́ mi láti inú, tí kò rí ọ̀nà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń pe èmi náà. Ohùn náà ti sún mọ́ wa, ó sì ti ń kanra díẹ̀ bí Mọ́mì ṣe máa ń kanra tí mo bá pẹ́ kí n tó dáhùn. Mo fi eyín di ètè ara mi. Mo wo ojú omi níbi tí ohùn náà ti ń wá. Mo rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátá, iyanrìn àti òkúta. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Orí òmòòkùn àkọ́kọ́ yọ lójú omi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ nípa ẹja tó rí. Omi náà mì. Ohùn náà dákẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn. Ansẹ́ẹ̀lì ṣí fìlà kúrò lójú, ó bá àwa méjèèjì tí a dì mọ́ra, ó sì béèrè bóyá òòyì ọkọ̀ ń kọ́ ìyá náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo àwọn tó lọ ló padà wọ ọkọ̀. Kí a tó dé èbúté, afẹ́fẹ́ ti dé.

Mo sáré lọ sídìí fóònù. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Mọ́mì ti kú. Kí ni ìbá tún gbé ohùn wọn débẹ̀? Mo pè, kò wọlé. Mo pè, wọ́n ní nọ́ńbà náà ò sí lórí ìlà. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ọwọ́ mi sórí tábìlì. Nígbà tó wá wọlé, Mọ́mì gbé e, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ èémí wọn.

Mo ní, "Mọ́mì, èmi ni."

Wọ́n ní, "Ìwọ ta ni? Kí ni Dádì máa ń sè lọ́jọ́ Sátidé?"

Mo ní ẹ̀wà tó ti jóná nídìí, tí Dádì á ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe fẹ́ ẹ. Ìgbà náà ni Mọ́mì mí kanlẹ̀. Wọ́n ní òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Festac ni, pé gbogbo àdúgbò dákẹ́ lọ́nà tí àwọn ò rí rí, kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan. Àwọn ń ṣa ìrẹsì ní kíṣíìnì, àwọn sì gbọ́ tí mo pe àwọn láti orí àtẹ̀gùn, bí mo ṣe máa ń pè wọ́n tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n dìde. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yọjú. Kò sẹ́nìkan lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ohùn náà ṣì ń pè.

Mọ́mì ní, "Mi ò dáhùn."

Mo ní, "Èmi náà ò dáhùn, Mà."

Kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀ nínú wa. Lẹ́yìn náà Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo ń ṣe àmín, mo ń wo òkun láti ojú fèrèsé. Mo ti rò pé ọ̀nà jíjìn dà bí odi, pé ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ kò lè mọ̀ mí, torí àwọn ará ibẹ̀ pàápàá kò mọ̀ mí. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ mi dáadáa, tí Màdáàmù fúnra rẹ̀ ń pè é sódì, ibẹ̀ ni nǹkan kan ti mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí nínú ilé.

Íńgà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jẹun nínú yàrá rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n wá ọkọ̀ fún òun. Mo rò pé yóò fẹjọ́ mi sun Màdáàmù, mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nínú ọkàn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, èmi ni mo bá a gbé àpótí dé èbúté, torí iṣẹ́ mi ni. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan, ìgbì ń lu igi èbúté. Ó wo ọwọ́ mi tí mo fi báńdéèjì wé, ó wò ó títí.

Ó béèrè pé, "Ìwọ náà gbọ́ ọ, àbí? Mo rí ojú rẹ. Ohùn ta ni?"

Mo ní, "Ohùn ìyá mi ni, Mà."

"Ṣé ìyá rẹ ti kú ni?"

Mo ní rárá. Mo ní wọ́n wà láàyè, wọ́n wà ní Festac, mo bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an, ìrẹsì ni wọ́n ń ṣà.

Afẹ́fẹ́ gbé irun funfun rẹ̀ bo ojú rẹ̀, kò sì gbé e kúrò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, tí kò sì tíì mọ ohun tí ọwọ́ òun á máa ṣe.

Ó ní, "Á jẹ́ pé kì í ṣe ọkọ mi nìyẹn. Kò fìgbà kan jẹ́ òun."

Ansẹ́ẹ̀lì na ọwọ́ sí i, Íńgà sì wọ inú ọkọ̀. Gbogbo àlejò tó ń kúrò níbẹ̀ ló máa ń kọjú sí òkun títí ọkọ̀ á fi lọ. Íńgà kọ ẹ̀yìn sí i. Ó kọjú sí ilẹ̀ níbi tí mo dúró sí, ó sì sọkún lójú mi, láì fi ọwọ́ bò ó, títí n kò fi rí ojú rẹ̀ mọ́.